Abọ́ Mélòó Lẹ Bù Lálẹ́ Àná?

Rárá o, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ “Dókítà Ìyátúndé” ló máa ń bi mí bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan gbé ọmọ tí ara ẹ̀ ń gbóná wá sẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìkàrẹ́, ó ní òun wá rí dókítà. Mo ní, “Ìyá, dókítà ìwé ni tiwa o, ìbéèrè nìkan ló lè fún ọmọ yín.” Ìyátúndé fúnra ẹ̀ ló kó wọn sínú mọ́tò, ó gbé wọn lọ sí ọsibítù. Kí wọ́n tó débẹ̀, ó ti bi ìyá ọmọ ní ohun tí ọmọ jẹ, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi mu, àti ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀, Ìyátúndé ló ń dáhùn, ìyá ọmọ kàn ń mi orí ni. Ara ọmọ náà ti yá, a dúpẹ́.

Ẹ ní kí ló dé tí àwọn ọmọ yunifásítì fi máa ń kún fàráńdà wa bí ẹni tó wá gba káàdì ìdìbò. Ẹ fìdí lé àga yẹn, torí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú, kò ṣeé sọ lóòró.

Ilé kan náà lèmi àti òun jọ ń gbé. Èmi wà ní iwájú, nínú yàrá méjì tó kọjú sí títì, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà. Òun wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò. Ọmọ Ògúnwálé ni, ará Ọ̀kà, lókè lọ́hùn-ún níbi tí ilé ti ń gun ara wọn lórí lẹ́bàá àpáta. Bàbá ẹ̀ ṣe tíṣà, ó sì ń dáko. Màmá ẹ̀ ta ẹ̀wà sísè títí ó fi dàgbà. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán Ìyátúndé lómi nígbà tó wà ní kékeré, kì í tètè dé. Kì í ṣe pé ó ń ṣeré. Ó á dúró ti àwọn tó ń fa omi, ó á máa bi wọ́n pé kí ló dé tí omi kànga yìí fi tutù ju tọ̀hún lọ. Lọ́jọ́ tí màmá ẹ̀ mú pàṣán torí ẹ̀, ó wo pàṣán náà, ó ní, “Màámi, igi wo lẹ ti gé e?” Ẹ̀rín pa màmá ẹ̀, pàṣán bọ́ sílẹ̀.

Ó ka ìwé mẹ́fà ní Ọ̀kà, ó ka ìwé mẹ́wàá, ó lọ sí Ìbàdàn, ó kàwé títí tí ìwé fúnra ẹ̀ fi ní ó tó. Wọ́n ní kó dúró síbẹ̀, kò gbà. Ó ní ilé lòun ń bọ̀. Ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì tó wà lójú ọ̀nà tó ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà. Obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í wọ bàtà gogoro. Èmi ni mo ń rán aṣọ ẹ̀, ìyẹn ni mo fi mọ ìwà ẹ̀ dáadáa, torí kò sí aṣọ tí ò ní ní kí n fi àpò sí. Gáùn, àpò. Ṣíkẹ́ẹ̀tì, àpò. “Àpò méjì, Ìyá Fúnminíyì, kó jìn.” Mo ti fi àpò sí bùbá léèsì rí nítorí ẹ̀, ojú tì mí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ télọ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó, àpò yẹn kún fún bírò àti téèpù ìwọnlẹ̀ kékeré kan tó ń ká bí ìgbín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn ọmọ yunifásítì, kí wọ́n tó jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kan kí wọ́n sì kọ ọ́. Pírọ́jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe Àkókó wa níbí nìkan, káàkiri ni, ọ̀pọ̀ wọn kì í wádìí nǹkan kan. Wọ́n á wá ti ẹni tó ti jáde tipẹ́, wọ́n á yọ orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, ó parí. Mo ń gé aṣọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ni mo gbọ́ ẹ̀rín Ìyátúndé láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín tí kò dùn létí rárá. Mo sáré lọ. Ìwé ńlá kan wà lórí itan ẹ̀.

“Ìyá Fúnminíyì, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí kọ nípa Ìkàrẹ́. Ó ní ẹja pípa lórí ọ̀sà ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wa. Ó ní ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sọ́jà.”

Mo ní, “Ìkàrẹ́ wo?”

“Ìkàrẹ́ tiwa yìí.”

Mo yọjú wo títì. Ọ̀kadà ni mo rí, òkè àpáta ni mo rí lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní, “Àfi tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn òjò àná ni.”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ọmọ yìí kì í ṣe olódo o. Mo mọ̀ ọ́n. Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí i sí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú ara wọn wo nǹkan ni.”

Àtọjọ́ náà ni kò jẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ sinmi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíndèjì ni ọ̀gá ẹ̀ka wọn, bàbá kan tó ti hewú, tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Èèyàn dáadáa ni. Ó yà sílé wa ní ọjọ́ Ìsinmi kan bó ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ìṣojú mi ni wọ́n sì ti sọ gbogbo ẹ̀.

Ó ní, “Ìyátúndé, ohun tí o fẹ́ ṣe dára. Àmọ́ àwọn ọmọ pọ̀, àwa olùkọ́ ò pọ̀. Tá a bá ní kí gbogbo wọn máa kiri ìlú, ta ni yóò máa ṣọ́ wọn?”

“Ẹ fún mi ní díẹ̀ nínú àwọn ọlọ́dún kẹta, sà. Díẹ̀ péré.”

“Mo fún ẹ. Àmọ́ kí ọdún yìí tó parí, wọ́n á wá dúró níwájú gbogbo àwa olùkọ́, a ó sì da ìbéèrè bò wọ́n. Ìwọ á jókòó sẹ́yìn, o ò ní sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Tí wọ́n bá lè gbèjà iṣẹ́ wọn fúnra wọn, kíláàsì ẹ dúró. Tí wọn ò bá lè gbèjà ẹ̀, a ó padà sí bá a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ìwọ náà á sì jẹ́ kí etí mi sinmi.”

“Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, sà?”

“O ò gbọdọ̀ wúkọ́ pàápàá.”

Bí bàbá yẹn ṣe jáde báyìí, Ìyátúndé gbá mi mọ́ra, abẹ́rẹ́ tó wà láyà aṣọ mi gún un, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ní, “Ìyá Fúnminíyì, wọ́n fún mi.” Mo ní wọ́n fún ẹ, àmọ́ wọ́n so okùn mọ́ ọn.

Àwọn ọmọ náà ò ju méjìlá lọ. Méjì nínú wọn lẹ máa mọ̀ dáadáa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Habeebat ni ọ̀kan, ọmọ Ìkàrẹ́ níbí, kékeré bí abẹ́rẹ́, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. Ìkejì ni Matthew, ọmọ Òkè-Àgbè, ó ga débi pé ó máa ń tẹ̀ ba kó tó wọlé wa. Èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ nílé, torí náà Yorùbá ẹ̀ máa ń dún bí ẹni tó ń ka Bíbélì níwájú ìjọ. Ẹlẹ́fẹ̀ gidi.

Iṣẹ́ tí wọ́n mú ni ọ̀rọ̀ omi lókè Ọ̀kà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n fẹ́ mọ omi tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò lójúmọ́, àti iye èèyàn tó ń lò ó. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìbéèrè náà, wọ́n wá túmọ̀ ẹ̀ fúnra wọn. Èèyàn mélòó ló wà nínú ilé yín? Ọmọ mélòó lẹ bí? Kẹ́ẹ̀gì omi mélòó lẹ ń lò? Ìyátúndé ka ìbéèrè náà, mo rí i tó fi bírò kan ètè ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ, kí ilẹ̀ Ọ̀kà kọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n dé nírọ̀lẹ́, Habeebat ló kọ́kọ́ wọ fàráńdà, lẹ́bàá ẹ̀rọ mi. Ó sọ báàgì sílẹ̀ bí ẹni tó sọ igi.

“Mà, àwọn ará Ọ̀kà fẹ́ fi wá ṣeré ni. Mo bi màmá kan pé ẹni mélòó ló wà nínú ilé wọn, ó ní àwọn lé ní ọgọ́rin. Mo wo ilé náà, mà. Yàrá mẹ́rin ni.”

Ẹlòmíràn ní òun bá ìyá kan, ó ní ọmọ kan ṣoṣo lòun bí, àwọn ọmọ bíi márùn-ún sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n ń pè é ní ìyá. Ẹlòmíràn ní gbogbo ẹni tí òun bi ní iye ọmọ, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run” ni wọ́n ń dá òun lóhùn. Ó ní, “Mà, nọ́ńbà wo ni kí n kọ fún ‘a dúpẹ́’?”

Matthew nìkan ni tiẹ̀ gún régé. Ilé tó lọ pọ̀, gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń yìn ín. Ìyátúndé gba bébà ẹ̀, ó kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀.

“Matthew, ilé kẹrin yìí, èèyàn mẹ́fà, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà. Ilé karùn-ún náà, mẹ́fà, mẹ́fà. Ilé kẹfà ńkọ́?”

“Mẹ́fà, mà.”

“Ajá wọn ń gbó?”

“Mà?”

“Ilé kẹfà. Ṣé wọ́n ní ajá?”

Matthew wo Habeebat. Habeebat wo títì.

“Mi ò dé ilé kẹfà, mà.”

“Ilé karùn-ún ńkọ́?”

“Mo dé ojúde wọn, mà. Mo kí wọn.”

Ẹ̀rín gbọ̀n mí lórí ẹ̀rọ, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ariwo ẹ̀ bo ti ẹ̀rín. Àmọ́ ọmọ yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mà, ilé àkọ́kọ́ sọ nǹkan tí kò bọ́ sí i, ilé kejì náà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n béèrè, torí Yorùbá mi. Mo wá kọ ọ́ bó ṣe yẹ kó rí.”

Ìyátúndé ò bínú o. Ó ká bébà náà, ó tì í sínú àpò gáùn ẹ̀. Ó ní, “Bó ṣe yẹ kó rí. Ta ló sọ bó ṣe yẹ kó rí fún ẹ? Tá a bá ti mọ̀ ọ́n, kí la wá lọ ṣe l'Ọ́kà? Ohun tó yà ọ́ lẹ́nu lẹ́nu ọ̀nà ilé àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ẹ, Matthew. Ìwọ wá fi ẹsẹ̀ gbá a dànù torí pé kò jọ ohun tí o wá.”

Ọjọ́ tí wọn á dúró níwájú àwọn olùkọ́ ti sún mọ́. Ọmọ kan ní ṣé kí àwọn kúkú wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò le, bíi títa káàdì fóònù. Ìyátúndé ní rárá. Ó ní, “Lọ́la, gbogbo wa la jọ ń lọ. Kẹ́nikẹ́ni má mú bébà dání. Bírò náà, ẹ fi sílé. A ò lọ béèrè nǹkan kan, ojú la ń lọ lò.”

Èmi náà bá wọn lọ. Mo ní ìró àti bùbá tí mo fẹ́ kó fún oníbàárà mi kan lókè Ọ̀kà, Ìyá Rachel, mo sì gbọ́ pé òun gan-an ni màmá olọ́gọ́rin yẹn. Irọ́ kọ́, tí mi ò bá ní aṣọ láti kó lọ, ǹ bá wá ohun mìíràn fi ṣe àwáwí. Àwọn tí mọ́tò Ìyátúndé ò gbà gun ọ̀kadà. Mọ́tò náà ń mí bí ẹni tó ń gun òkè àdúrà. Nígbà tó kù díẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, Matthew lákọ̀ọ́kọ́.

Ìyá Rachel wà nídìí ààrò nígbà tá a dé. Obìnrin ńlá, ẹlẹ́nu dídùn, ẹnu ẹ̀ sì máa ń ta bí ata gbígbẹ.

“Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ tún dé? Ṣé ẹ ti ka Ọ̀kà tán ni? Ìyátúndé, ọmọ ẹ lèyí? Ìwọ gígùn yìí, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin yìí bi mí ní tiẹ̀ tán, ìwọ lo tún wá béèrè iye ọmọ mi bí ẹni tó fẹ́ kó wọn sínú ọkọ̀ lọ.”

Matthew dọ̀bálẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú.”

“Mi ò bínú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, o ò mọ̀? Tàbí wọn kì í bímọ ní Òkè-Àgbè ni? Dìde, wá gún iyán.”

Ó gún un o. Habeebat ní ẹ wo bó ṣe ń gún un bí ẹni tó ń lé eku. Ìyá Rachel ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, iyán ò mọ ẹni tó gún òun, kó ṣá ti kúnná. Ẹ̀rín pọ̀ nídìí ààrò yẹn. Ìyátúndé jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú ẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Nígbà tó gún iyán tán, Ìyá Rachel to abọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Ó ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu bó ṣe ń bù ú: “Ti bàbá. Ti Déwùnmí. Ti ìyàwó ẹ̀. Ti àwọn ọmọ. Ti ẹni tó wà lóko, ẹ bò ó.” Abọ́ ń lọ lọ́tùn-ún lósì. Mo gbójú sókè, mo rí Habeebat. Ojú ọmọ yẹn ti là bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. Ó tẹ̀ sí Ìyátúndé létí, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Mà, ó ń kà wọ́n. Abọ́ ló ń kà.”

Ìyátúndé fọwọ́ bo ẹnu. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ pariwo. Ó kàn ní, “Bi í.”

Habeebat kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, lálẹ́ àná, abọ́ mélòó lẹ bù nínú ìkòkò yín?”

“Méje,” ni Ìyá Rachel wí, kò tilẹ̀ wojú ẹ̀. “Ọ̀kan nínú ẹ̀, ẹni tó ni ín ò délé, ajá ló jẹ ẹ́.”

“Ìkòkò tó wà nínú ilé yìí ńkọ́, mélòó ni?”

“Nínú ilé wa? Láti ìdí àpáta yẹn títí dé ilé onírin lọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ ni ilé wa. Ìkòkò mọ́kànlá ló ń jó níbẹ̀. Èyí tèmi, èyí ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n Déwùnmí, èyí ti opó ẹ̀yìn kùlé…” Ó ka gbogbo ìkòkò náà láìwẹ̀yìn.

Ẹ rí i, ọgọ́rin yẹn kì í ṣe irọ́. Ọmọ ìwé ní “ilé”, òrùlé kan ló ní lọ́kàn. Màmá gbọ́ “ilé”, ìran ẹ̀ ló ní lọ́kàn, gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Yorùbá kan náà ni wọ́n ń sọ, wọn ò gbọ́ ara wọn.

Matthew ju ọmọrí odó sílẹ̀. Òógùn ń bọ́ lára ẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ dákun, abọ́ ti àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Ọwọ́ mélòó ló wọ inú ẹ̀?”

“Ọwọ́ mẹ́rin. Ọ̀kan ń jà.”

Ìyátúndé dìde lórí àpótí, ó jáde lọ sí ìta. Mo tẹ̀ lé e. Mo bá a lẹ́yìn ilé tó ń fò sókè bí ọmọ kékeré, bírò ń já bọ́ láti inú àpò ẹ̀, òun tó ní kí àwọn ọmọ má mú bírò. Ó ní, “Ìyá Fúnminíyì, ẹ gbọ́ ọ? Ọwọ́ mélòó! Èmi ò ronú kàn án. Mo mọ̀ pé ‘ilé’ yẹn á kọ́ wọn lẹ́sẹ̀, àmọ́ ‘ọwọ́’ yẹn, Matthew ló rí i fúnra ẹ̀.” Mo ní kí ló dé tí ò kúkú sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé “ilé” ò dáa. Ó ní, “Tí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n á máa sọ. Ẹ sì ti gbọ́ pé mi ò gbọdọ̀ wúkọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ẹ ò rí fàráńdà wa lásìkò yẹn. Wọ́n á ti Ọ̀kà dé pẹ̀lú eruku lójú, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Ìkòkò mélòó lo rí?” “Ọwọ́ mélòó?” Matthew ló ń rìn jù, kò sí ojúde tí kò wọ̀, ó sì ń kọ ti ajá sí i: ilé yìí ní ajá, ilé yìí ò ní. Ìyátúndé ní ajá ò sí nínú ìwádìí wọn. Ó ní, “Mo mọ̀, mà. Kí ẹ lè mọ̀ pé mo débẹ̀ ni.” Ìyátúndé náà á wà nínú balùwẹ̀, ó á máa ju ìbéèrè sí wọn láti ibẹ̀: “Tí ọwọ́ kan bá jẹ nínú ìkòkò méjì ńkọ́?” Wọ́n á pariwo, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ohun tí wọ́n wá rí ni pé ìkòkò tó wà lókè téńté, omi tí ọwọ́ kan ń lò níbẹ̀ kò ju ìdajì èyí tí ọwọ́ kan ń lò nísàlẹ̀ lẹ́bàá títì. Tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú “ilé” yẹn, ńṣe ló dà bíi pé òkè ló ń fi omi ṣòfò, torí omi odidi ìran kan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún òrùlé kan.

Ọjọ́ pé. Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo jókòó sẹ́yìn họ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyátúndé. Ó ti lọ́ áńkáṣíìfù ẹ̀ títí ó fi dà bí òwú àtùpà. Àwọn olùkọ́ tò síwájú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíndèjì wà láàárín.

Habeebat sọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó lọ dáadáa. Ìyá olùkọ́ kan wá béèrè pé kí ni àṣìṣe tó burú jù tí wọ́n ṣe. Matthew dìde, ó sì sọ ọ́. Ó ní òun kọ mẹ́fà, mẹ́fà fún àwọn ilé tí òun ò wọ̀. Èékánná Ìyátúndé wọ̀ mí lápá. Olùkọ́ kan ti ń mi orí, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ó tán, ọmọ yìí ti fi òtítọ́ pa kíláàsì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fara balẹ̀. “Ó dáa. Ẹ ti sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe tí kò dáa. Ohun tẹ́ ẹ wá fi rọ́pò ẹ̀ kò tíì yé mi. Abọ́. Ọwọ́. Yunifásítì nìyí, kì í ṣe búkà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn béèrè iye ọmọ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún wọn pé nítorí ìmọ̀ ni? Àwọn èèyàn ò ya òmùgọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣàlàyé, wọ́n á sọ.”

Matthew wẹ̀yìn, ojú ẹ̀ ń wá ojú Ìyátúndé. Ìyátúndé tẹjú mọ́ ilẹ̀, kò gbé orí sókè.

Habeebat ló rìn síwájú. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Nítorí ìmọ̀ ni.”

“Béèrè.”

“Ọmọ mélòó lẹ bí, sà?”

Bàbá la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Ó ní, “Ọlọ́run ti… A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Họ́ọ̀lù rọra ń rẹ́rìn-ín láti ẹ̀gbẹ́ kan. Habeebat ò rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Ẹ ṣé, sà. Lálẹ́ àná, abọ́ mélòó ni wọ́n bù nílé yín?”

“Márùn-ún,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Kò tíì pa ẹnu dé tó fi mọ ohun tó sọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, họ́ọ̀lù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Àwọn olùkọ́ ń lu tábìlì, ìyá olùkọ́ yẹn ń fi gèlè nu ojú, àwọn ọmọ ń fò mọ́ ara wọn. Èmi? Mo ti dìde lórí àga, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo dìde. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Ó ní, “Habeebat, ó yé mi wàyí. Ìwọ Matthew, ẹni tó lè sọ irú ìyẹn níwájú gbogbo wa, a lè gba ìyókù ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́.” Ó forí kan orí pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tó wà lọ́tùn-ún lósì ẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó wá ní kíláàsì náà dúró, àti pé láti ìsinsìnyí, gbogbo ọlọ́dún kẹta ni yóò máa ṣe é, ẹ̀ka á sì wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé wọn.

Ó wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ó ní, “Ìyátúndé, o lè sọ̀rọ̀ báyìí.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ wa. Mo rò pé yóò sunkún ni, mo ti mú etí ìró mi fún un. Ó dìde, ó tún aṣọ ẹ̀ ṣe, omi wà lójú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní:

“Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹun dáadáa, kẹ́ ẹ sì tètè sùn. Ìlú Ìkáràm ló kàn, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń jí lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá débẹ̀ lẹ́yìn wọn, ewúrẹ́ ni yóò máa bi ní ìbéèrè.”